Pathfinder kejì: ṣé Pathfinder náà ni, àbí orúkọ lásán ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́?

Jagunjagun_Alágbàká
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà gidi. Àwa kan wà ní Àkúrẹ́ níbí tí a máa ń pàdé ní Sátidé láti ju dáìsì, Pathfinder àkọ́kọ́ la ń ṣe, géèmù orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, èyí tí ilé iṣẹ́ Paizo gbé jáde ní 2009, ìwé olójú ewé 576 yẹn. Ní báyìí ẹni tó ń darí eré fún wa fẹ́ ká kó lọ sórí ẹ̀díṣọ̀n kejì, èyí tó jáde ní 2019. Ẹnì kan fárígá. Ó ní kì í ṣe Pathfinder mọ́, pé géèmù mìíràn ni wọ́n fi orúkọ ti tẹ́lẹ̀ bò ká lè rà á. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, orúkọ kan náà, ayé Golarion kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, Jason Bulmahn tó ṣáájú iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ náà ló tún wà nídìí ìkejì, kí la tún ń wá? Èmi wà láàrin. Kí ló ń jẹ́ kí géèmù ṣì jẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "èyí tó bá ti dùn mọ́ yín" o, a ti gbọ́ ìyẹn.

FUTA_Rogue
Ẹ kó lọ jàre, kí lẹ ń dúró dè? Nínú ti tẹ́lẹ̀, tó bá kàn ọ́, o ní standard action, o ní move action, o ní swift action, o tún ní five-foot step, ẹni tuntun tó bá jókòó sí tábìlì á kọ́kọ́ máa bi gbogbo wa léèrè "ṣé mo lè ṣe èyí, ṣé mo lè ṣe ìyẹn" títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìkejì ní o ní action mẹ́ta, ó parí. O fẹ́ rìn, ọ̀kan. O fẹ́ gbá èèyàn nídà, ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ idán ń gba méjì. Màmá mi gan-an lè ṣe é.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún
Èmi ni mo fárígá, ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́. Láti Oǹdó ni mo ti máa ń wọkọ̀ wá bá wọn ṣeré ní Àkúrẹ́, ẹ mọ̀ pé mi ò fi ṣàwàdà.

@FUTA_Rogue kò sẹ́ni tó ní kò rọrùn, ìyẹn kọ́ la bi ẹ́. Nínú Pathfinder àkọ́kọ́ mo lè mú fighter (jagunjagun) lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, kí n fi rogue (olè ayọ́kẹ́lẹ́) méjì lé e, kí n wá wọ prestige class (iṣẹ́ àkànṣe tó ń wá lẹ́yìn), ẹni tí mo bá kọ́ jáde níbẹ̀, èmi nìkan ni mo ní in. Ìkejì ní rárá o, class (irú iṣẹ́ akọni) kan lo mú látìbẹ̀rẹ̀, ìwọ àti ẹ̀ ni títí dópin, tó o bá fẹ́ nínú òmíràn wàá máa fi feat (ẹ̀bùn kéékèèké) rà á díẹ̀díẹ̀. Touch AC (nọ́ńbà ààbò sí ohun tó kàn fọwọ́ kàn ọ́) ti lọ. CMB àti CMD (nọ́ńbà fún bíbi èèyàn ṣubú àti fún dídènà á) ti lọ. Base attack bonus tó ń jẹ́ kí jagunjagun lẹ́fẹ́ẹ̀lì ogún gbá èèyàn nígbà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ti lọ. Wọ́n ní kó o fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ kún gbogbo ohun tó o bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó o wá fi +2, +4, +6 tàbí +8 lé e, bó o bá ṣe mọ̀ ọ́n sí. Kí ló wá ṣẹ́kù tó jẹ́ Pathfinder? Orúkọ àti máàpù!

Ní tèmi, tí mo bá lè ṣí ìwé àtijọ́, kí n mú abàmì ẹ̀dá kan jáde níbẹ̀, kí n gbé e ka tábìlì láìtún nǹkan ṣe lára ẹ̀, géèmù kan náà ni. Tí mi ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òmíràn ni. Mo máa ń fi ẹ̀dá inú ìwé 3.5 (ẹ̀díṣọ̀n kan nínú D&D, Dungeons & Dragons) ṣeré nínú Pathfinder àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ nínú ìkejì kẹ́ ẹ wò ó.

Bàbá_THAC0
Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ ní 2019 rárá. D&D ni ìyá gbogbo wọn, Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní 1974. THAC0 tí mo fi ń jẹ́ orúkọ níbí, ìṣirò ayé ìgbà yẹn ni, ìgbà tí AC (nọ́ńbà ààbò) tó bá kéré ló dáa jù, tí a máa ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà ká tó mọ̀ bóyá idà bá èèyàn tàbí kò bá a. Ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast wá ra TSR tó ń tẹ D&D ní 1997, wọ́n gbé ẹ̀díṣọ̀n kẹta jáde ní 2000, wọ́n da gbogbo ìyẹn nù: ju dáìsì olójú ogún, fi nọ́ńbà rẹ kún un, tó bá ga tó, o yege. Inú bí àwa àgbà nígbà náà o! A ní kì í ṣe D&D mọ́. Ẹ wá wò ó, ẹ̀díṣọ̀n kẹta tí a ń bú yẹn ló di 3.5 ní 2003, 3.5 yẹn ló di Pathfinder, òun náà ni àbúrò mi láti Oǹdó ń bá wa jà lé lórí lónìí pé òun ni ojúlówó.

Ní 2008 ẹ̀díṣọ̀n kẹrin dé. Gbogbo nǹkan di power, èyí tó o lè lò nígbàkigbà, èyí tó o lè lò lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà, èyí tó o lè lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, oṣó ní tiẹ̀, jagunjagun ní tiẹ̀, ìlànà kan náà ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ̀ ọ́. Paizo wà níbẹ̀, àwọn ló ń tẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon kí Wizards tó gbà á padà lọ́wọ́ wọn ní 2007, wọ́n mú òfin 3.5 tí àdéhùn OGL ti yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti lò, wọ́n tún ibi tó ń dùn wá níbẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní Pathfinder. Orúkọ yẹn gan-an ti wà lára ìwé wọn láti 2007, òfin 3.5 pọ́nńbélé ló sì wà nínú ìwé ọ̀hún.

Ìyá_Gnome
Ẹ ṣé bàbá. Ẹ fo nǹkan kan o! Ìwé àkọ́kọ́ ti ẹ̀díṣọ̀n kẹrin lé gnome, ẹ̀yà àwọn èèyàn kéékèèké, síta! Wọ́n kó dragonborn (ẹ̀yà tó jọ dírágónì) wọlé, wọ́n lọ ti gnome mọ́ inú ìwé àwọn abàmì ẹ̀dá, ó di 2009 kó tó padà wá. Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Nínú àwọn class, bard ò sí, druid ò sí, monk ò sí.

Sójú tèmi ọ̀rọ̀ egúngún lèyí. Agọ̀ tó jáde ní 2008, agọ̀ tí a mọ̀ ni, orúkọ tí a mọ̀ ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbẹ́sẹ̀ ijó, gbogbo wa wo ara wa lójú. Ẹni tó ń jó o lánàá wà níta gbangba, kò wọ agọ̀ kankan, ó ń jó ijó àná. Òun la wá tẹ̀ lé lọ. Òun ni Pathfinder àkọ́kọ́.

FUTA_Rogue
Àǹtí, ṣé obìnrin máa ń mọ ẹni tó wà nínú agọ̀ ni 😂😂

Ìyá_Gnome
A mọ̀ ọ́n, a kì í sọ ni.

Bàbá_THAC0
@Ìyá_Gnome mo fẹ́ràn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ àmọ́ ẹ yí i sódì. Egúngún kì í jẹ́ orúkọ ẹni tó gbé e. Lọ́dún yìí bàbá ló gbé e, lọ́dún mìíì ọmọ ló gbé e, oríkì kan náà la fi ń kí i, a ò bi í pé ìwọ ta nìyẹn. Tí a bá fi ti egúngún wò ó, ẹni tó ni agọ̀ ló ni orúkọ, ẹ̀díṣọ̀n kẹrin ni D&D lóòótọ́, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀, Pathfinder sì jẹ́ ẹni tó mọ ijó tí kò lágọ̀.

Ìyá_Gnome
Ẹ ṣeun bàbá, àmọ́ tí onílù bá ń lu ìlù egúngún yẹn, tí wọ́n ń ki oríkì ẹ̀, tí kò wá mọ ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ sí ńkọ́? Ṣé a ó ṣì máa wólẹ̀ fún un nítorí agọ̀?

Bàbá_THAC0
Ẹ gbé mi o. Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ n jẹun.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀yẹ́mẹ̀kún
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ijó, ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́yà. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí Pathfinder ti yí padà jù lọ, kì í ṣe 2019.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, ìwé àdéhùn tuntun tí Wizards fẹ́ fi rọ́pò OGL jò síta, àwọn èèyàn rí ohun tó wà nínú ẹ̀, gbogbo ibi gbóná, kí oṣù yẹn tó parí Wizards ti fà sẹ́yìn, wọ́n tiẹ̀ gbé SRD 5.1 (òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀díṣọ̀n karùn-ún D&D) sábẹ́ Creative Commons, àdéhùn tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọkàn èèyàn lè balẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Paizo ti pinnu pé àwọn ò ní kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́, wọ́n dá àdéhùn tiwọn tó ń jẹ́ ORC sílẹ̀, nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn wọ́n gbé Player Core àti GM Core jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Remaster.

Ẹ wo ohun tó kúrò níbẹ̀. Alignment (ìwà rere tàbí búburú akọni) lọ, lawful good, chaotic evil, gbogbo ẹ̀. School mẹ́jọ tí wọ́n pín idán sí látijọ́ lọ. Idán magic missile di force barrage. Flat-footed (ẹni tí kò lè gbèjà ara ẹ̀ dáadáa) di off-guard. Strength (agbára) 18 ò sí mọ́, +4 nìkan lẹ máa kọ sílẹ̀. Drow (àwọn elf abẹ́ ilẹ̀) kúrò ní Golarion! Ẹ̀díṣọ̀n kejì náà sì ni wọ́n ṣì ń pè é, ìṣirò inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí, ẹni tó ti ń ṣe é láti 2019 kàn ń bá eré ẹ̀ lọ ni. Ohun tí wọ́n yọ ni gbogbo nǹkan tó fi jọ D&D. Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún ní tí ìṣirò bá ti yí, géèmù ti yí. Ó dáa, níbí ìṣirò ò yí, èmi sì rí i pé ojú ẹ̀ ti di ojú ẹlòmíì. Ẹ bá mi ṣàlàyé ìyẹn.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n fẹ́ ká kó lọ o. Gbogbo òfin ìkejì wà lórí ìkànnì Archives of Nethys lọ́fẹ̀ẹ́, Paizo fọwọ́ sí i, ẹ ò jalè. Ẹni tó mọ iye tí ìwé kan máa jẹ́ kó tó dé Àkúrẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún
Ti àkọ́kọ́ náà wà lórí Archives of Nethys lọ́fẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ìyẹn tàn wá.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀yẹ́mẹ̀kún
Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kọ tuntun kún un mọ́.

DM_Ọ̀bàIlé
Èmi ni mò ń darí eré wọn, èmi ni mo dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn sọ̀rọ̀. Kingmaker, ìrìnàjò kan tí a máa ń ṣe nínú Pathfinder, jáde ní 2010 fún ẹ̀díṣọ̀n àkọ́kọ́, ìwé mẹ́fà. Ní 2022 Paizo tún un tẹ̀ fún ìkejì, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Ìtàn kan náà, òfin méjì, kò tún sí ibi tó dáa tó ìyẹn láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Mo ti ka méjèèjì.

Ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín yẹn ṣì wà, wọ́n ṣì pín máàpù ẹ̀ sí onígun mẹ́fà mẹ́fà tí ẹ máa ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Stag Lord, olórí àwọn ọlọ́ṣà, ṣì wà nínú odi ẹ̀ pẹ̀lú ọtí ẹ̀. Ẹ ṣì máa tẹ ìlú dó, ẹ ṣì máa jọba lé e. (Òfin ìjọba tí wọ́n kọ sínú ti 2022 ò dùn rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta, ọ̀pọ̀ tábìlì ló ń pa á tì, èmi náà á pa á tì.) Ẹni tó bá ti ṣe ti 2010 máa mọ ibi gbogbo.

Ìjà ló yàtọ̀ pátápátá. Nínú àkọ́kọ́, oṣó tó bá ti dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan lè parí ìjà kó tó kan ẹnikẹ́ni, ó ṣẹlẹ̀ sí wa, Jagunjagun_Alágbàká mọ̀, ó gbé idà lọ́wọ́ títí kò rí ẹni gbá. Nínú ìkejì, ọ̀tá tó bá fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ju yín lọ lè pa gbogbo yín. Tó o bá fi mẹ́wàá kọjá iye tí wọ́n ń wá, ó di critical, ó máa dun ọ̀tá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ, nítorí náà +1 kékeré tí ẹnì kan fún ẹ lè gba ẹ̀mí ẹ là. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara yín kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan. Nínú àkọ́kọ́, ilé ni èèyàn ti ń borí, níbi tó ti ń kọ́ character ẹ̀. Nínú ìkejì, orí tábìlì ni.

Èmi á ní ohun tó yí gan-an nìyẹn, ó tóbi ju touch AC lọ. Mo sì mọ̀ pé ohun tí Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún fẹ́ràn jù nínú géèmù yìí, ilé ló ti ń ṣe é. Ó máa ń fi character oríṣiríṣi ránṣẹ́ sí mi lóru.

Jagunjagun_Alágbàká
Òótọ́ ni ti idà yẹn. Mo bínú lọ́jọ́ náà àmọ́ mi ò sọ̀rọ̀.

Bàbá_THAC0
Mo ti jẹun tán. Ẹ fetí sí mi, ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ̀ ń wá ohun tó ń jẹ́ kí géèmù jẹ́ ara rẹ̀ nínú orúkọ, nínú ìṣirò, nínú máàpù, nínú ẹni tó kọ ọ́. Ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, ìlérí tí géèmù yẹn bá wa ṣe nígbà tó kọ́kọ́ dé ló máa sọ èyí tó jẹ́. D&D ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé òun ò ní yí. Ó ti ń yí láti 1974, THAC0 lọ, òun ṣì wà. Ìlérí tiẹ̀ ò ju pé ẹ máa wọ ihò àpáta, ẹ máa bá dírágónì pàdé, ẹ máa kó wúrà jáde. Ẹ̀díṣọ̀n kẹrin mú ìyẹn ṣẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní D&D ni, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ mi.

Pathfinder yàtọ̀. Pathfinder wá sáyé nítorí pé àwọn èèyàn kan ò fẹ́ kí wọ́n yí nǹkan wọn padà. "Ẹ má sọkún, àwọn ìwé tẹ́ ẹ ti rà ṣì máa wúlò", ohun tó bá wọn sọ nìyẹn, torí ẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Ìyẹn ni pé ní 2019, Paizo ṣe fún àwọn èèyàn ẹ̀ ohun tí Wizards ṣe fún wọn ní 2008. Ìkejì dáa, mo ti ṣe é, ó dáa ju àkọ́kọ́ lọ níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè mú ìlérí àkọ́kọ́ ṣẹ láéláé, torí ìlérí yẹn ni pé kò ní sí ìkejì.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún
Bàbá ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ ti gbè mí.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀yẹ́mẹ̀kún
Wọn ò gbè ẹ́ o, kà á dáadáa. Ohun tí bàbá sọ ni pé Pathfinder ò ní nǹkan tara ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nǹkan D&D ló ń bá wọn tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá. Ìwọ, 3.5 lo fẹ́ràn. Pathfinder tó jẹ́ Pathfinder, tí kò jọ ẹlòmíì, 2019 ló bẹ̀rẹ̀, 2023 ló parí kíkọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkejì gan-an lojúlówó, àkọ́kọ́ ló ń lo orúkọ lásán.

Ìyá_Gnome
Háà! Èyí le o. Mo fẹ́ bá a jiyàn àmọ́ mi ò rí ibi tí mo máa gbá a mú.

Ó dáa, mo ti rí i. Golarion ńkọ́? Ìlú ibẹ̀, àwọn òrìṣà ibẹ̀, àwọn goblin olórí ńlá tí wọ́n ń bẹ̀rù ìwé kíkọ, kò sí èyí tó jẹ́ ti D&D nínú wọn, látìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti wà. A kọrin goblin ní tábìlì wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa action mẹ́ta. Ẹ má sọ fún mi pé ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà_Ọ̀yẹ́mẹ̀kún
Ó jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi òfin géèmù mìíràn ṣeré ní Golarion, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ń ṣe Pathfinder nìyẹn?

Ìyá_Gnome
Tí goblin bá ti wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni.

FUTA_Rogue
Ìbéèrè ọmọ kékeré, ẹ má bínú. Èyí tí D&D gbé jáde ní 2024 ńkọ́, ṣé ẹ̀díṣọ̀n kẹfà ni àbí karùn-ún ni? Roommate mi ní ìwé rẹ̀, ó ní half-elf ò sí nínú ẹ̀ mọ́, half-orc náà ò sí, race ti di species, jagunjagun ti ní weapon mastery.

Bàbá_THAC0
Wọn ò pè é ní kẹfà. Wọ́n ní karùn-ún náà ni, pé ìrìnàjò tẹ́ ẹ ti rà láti 2014 ṣì máa bá a mu. Wọ́n ti kọ́gbọ́n lára 2008, ẹni tí ò bá yí nọ́ńbà ara ìwé kò ní gbọ́ ariwo púpọ̀. Mo fọwọ́ sí i pé karùn-ún ni o, torí mo lè jókòó pẹ̀lú ìwé 2014 mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó gbé ti 2024 lọ́wọ́, ká jọ ṣeré láìjà. Tèmi ò dáa tó tiẹ̀, ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

DM_Ọ̀bàIlé
Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ tiwa. @Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún mú fighter mẹ́rin rogue méjì tó ò ń sọ yẹn wá, èmi á bá ẹ yí i. Wàá jẹ́ fighter, wàá gba rogue dedication (feat tó ń fún ẹ ní díẹ̀ nínú rogue) ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì kejì, wàá gba Sneak Attacker (feat fún kíkọlu ọ̀tá tí kò lè gbèjà ara ẹ̀ dáadáa) ní ìkẹrin.

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún
Mo ti lọ wò ó. 1d4 (dáìsì olójú mẹ́rin kan) ni Sneak Attacker yẹn ń fúnni. 1d4!! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín?

DM_Ọ̀bàIlé
Ka ìlà tó kàn. Tó o bá dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹfà ó di 1d6. Fighter mẹ́rin rogue méjì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹfà náà nìyẹn, èló ni sneak attack ẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́?

Jagunjagun_Alágbàká
1d6 😂😂😂 ẹ bá mi pè é

Ọmọ_Ẹ̀kìmọ̀gún
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tèmi, tí mo bá mú rogue kan sí i ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì keje, ó di 2d6, mo tún lè máa mú un lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ogún. Tiyín máa dúró sórí 1d6 títí á fi kú. Ẹ bá mi yí ìyẹn náà.